Má Wá Jókòó De Ikú Nínú Ilé Mi

Afí ọmọ mi,

Inú ń bí mi bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o má baà kà á dé àárín kí o tó máa bi ara rẹ léèrè bóyá ìyá rẹ ń bínú. Bàbá rẹ ní kí n dúró títí ọkàn mi yóò fi rọ̀. Mo ní tí ọkàn mi bá rọ̀, mi ò ní kọ ohun tó yẹ kí n kọ. Ara bàbá rẹ le, àwọn àbúrò rẹ ń jẹun, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa lọ́dọ̀ wa. Ìkíni ti parí.

Ọkọ rẹ dé síbí lánàá. Kọ́jó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Agbonou, ó sì fẹsẹ̀ rìn gun òkè wá sí Atakpamé nínú oòrùn. Nígbà tí mo rí i lẹ́nu ọ̀nà, tí o kò sì sí lẹ́yìn rẹ̀, mo rò pé o ti kú. Rò ó wò, Afí. Fún ìwọ̀n àkókò tí ọkùnrin yẹn fi bọ́ bàtà rẹ̀, mo ti sin ọ́ nínú ọkàn mi.

Ó jókòó sórí àga gígùn, kò mu omi tí a gbé fún un. Ó ní, "Ìyá, Afí ló rán mi. Ó ní kí n bẹ̀ yín kí ẹ wá mú òun lọ sílé. Ó ní òun kò fẹ́ kú sí ìlú tí kò sí ẹni tó mọ òun."

Mo bi í bóyá ikọ́ fée rẹ ti le sí i.

Ó ní, "Ó mú un gan-an lẹ́ẹ̀kan, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà Kérésìmesì, níbi tí èrò ti pọ̀ tí wọ́n ń sun tùràrí. Wọ́n gbé e jáde. Láti ìgbà náà, kò tún le bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Kí ló wá ń ṣe é?"

Ọmọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ó ní, "Kò jáde mọ́, Ìyá."

Ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ojú ń tì. O kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìránṣọ mọ́, níbi tí àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ti fún ọ níṣẹ́ kí o máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin. O kò lọ sọ́jà. O kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. O kò dùbúlẹ̀ sùn, ńṣe lo ń fẹ̀yìn ti ògiri títí ilẹ̀ fi ń mọ́. O máa ń ní kí ó fọwọ́ lé ẹ̀yìn rẹ kí ó bá ọ wò ó bóyá èémí ń lọ. Tí ó bá pẹ́ níbi iṣẹ́, yóò bá ọ lẹ́nu ọ̀nà tí o ń mí kíkankíkan, bẹ́ẹ̀ ni àyà rẹ kò súfèé rárá. Ó fara balẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀. Ìgbà tó dé ibi tí o ti sọ fún un pé kí ó yáa fẹ́ ìyàwó mìíràn nígbà tí o ṣì wà láàyè, kí o lè mọ ẹni tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti dìde kúrò lórí àga. Mo lọ dúró sí ẹ̀yìnkùlé. Tí mo bá dúró sínú ilé, màá bú ọkọ rẹ, kò sì ṣẹ̀ mí.

Èsì rẹ nìyí: mi ò ní wá mú ọ. Bàbá rẹ náà kò ní wá. Kì í ṣe pé a kò fẹ́ràn rẹ, o sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi rẹ́ ògiri rẹ̀ yìí, mi ò rẹ́ ẹ kí ọmọ mi wá jókòó sínú rẹ̀ de ikú.

Jókòó dáadáa, kí o kà á.

Ikọ́ fée tó ń ṣe ọ́, ara mi ló ti wá. Ó ti wà nínú ìdílé wa kí wọ́n tó bí mi. Ó pa àbúrò ìyá mi, Yáwá, ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú àgbàlá wa. Ọmọdé ni mí, mo sì dúró tì í pẹ̀lú omi nínú igbá tí kò rí ààyè mu. Nítorí náà, mi ò ní purọ́ fún ọ pé kì í pani. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé kì í pani ń tàn ọ́ bí ọmọ ọwọ́. Ẹni tó bá sì sọ pé yóò pa ọ́ ní oṣù tó ń bọ̀, òun náà kò mọ nǹkan kan. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, ó ti ń fún mi lọ́rùn láti ìgbà tí ọmú ò tíì yọ láyà mi, irun mi sì ti ń funfun báyìí.

Nígbà tí bàbá rẹ fẹ́ mi, ó mú mi lọ sí Akparé, sínú ilé àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń ṣàkóso ilé náà. O mọ̀ ọ́n, Dàví Ablá, ẹ̀gbọ́n Ablá bí a ṣe ń pè é, tó máa ń bu ẹ̀pà sínú aṣọ rẹ nígbà tí o wà ní kékeré. Ìgbà tí o mọ̀ ọ́n, ó ti darúgbó, ẹnu rẹ̀ sì ti rọ̀. Kì í ṣe ẹni yẹn ni èmi bá nílé.

Ọyẹ́ àkọ́kọ́ tí mo lò níbẹ̀ ni àìsàn náà mú mi lójú gbogbo wọn. Wọ́n ń sun igbó lẹ́yìn ilé, èéfín bo gbogbo abúlé. Mo wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, mò ń fa èémí tí kò wọlé. Àwọn obìnrin sáré jọ. Dàví Ablá dúró lórí mi, ó wojú àbúrò rẹ̀, ó ní, "Kọ́mlà, ta ló ní kí o gbé òkú wálé fún wa?"

Mo gbọ́ ọ. Etí ẹni tí kò rí èémí a máa gbọ́ ohun gbogbo, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ kò dá a lóhùn. Mo ti kọ gbólóhùn yẹn tán kí ó tó yọjú sí ìwé mi, ó ní kí n pa á rẹ́. Mi ò ní pa á rẹ́. Kò dá a lóhùn, inú sì bí mi sí i fún ọdún púpọ̀. Ó ti mọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Dàví Ablá ti ṣe òfin fún mi. N kò gbọdọ̀ dáná, kí èémí mi má baà wọnú oúnjẹ àwọn ènìyàn. N kò gbọdọ̀ lọ sódò, pé tí mo bá kú síbẹ̀, ta ni yóò tún mu omi náà? N kò gbọdọ̀ lọ sóko. Wọ́n tẹ́ ẹní fún mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n ní kí n máa ṣa ẹ̀wà.

Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ níbí yìí, Afí. Òfin náà rọ̀ mí lọ́rùn. Mo sunkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nítorí ìtìjú, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi ń dúpẹ́ nínú ọkàn mi. Tí n kò bá lọ sódò, kò ní mú mi lójú ọ̀nà odò. Tí n kò bá lọ sóko, kò ní mú mi lóko. Mo rò pé mo ti rí ibi tí kò lè dé.

Ó dé. Mo jókòó sórí ẹní, mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnìkan tó ń bọ̀ kíákíá, ọkàn mi fò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ajá tó sáré. Nígbà tó yá, òórùn iná àwọn aládùúgbò nìkan ti tó láti mú un dé. Nígbà tó tún yá, kò gba kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ mọ́. Mo kàn ń jókòó, mò ń ṣọ́ àyà mi bí ẹni ń ṣọ́ ẹran tó fẹ́ já okùn. Mo ti fi odò sílẹ̀, mo ti fi oko sílẹ̀, mo wá fi àgbàlá sílẹ̀, mo bọ́ sínú yàrá. Tí yàrá bá ní yàrá mìíràn nínú, màá wọ ibẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀, ikọ́ fée gan-an kò mú mi tó ẹ̀ẹ̀mejì ní gbogbo ìgbà yẹn. Ẹ̀rù ló gba gbogbo ilé lọ́wọ́ mi, kì í ṣe àìsàn.

Nígbà tí ọkọ rẹ jókòó níwájú mi tó ń sọ nípa ògiri tí o ń fẹ̀yìn tì, ẹní yẹn ni mò ń wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi bínú tó báyìí. Mo mọ ibi tí o wà. Mo mọ bó ṣe rí níbẹ̀. Mo ti kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìyà, ọmọ tí mo bí sì tún ń rọra wọlé síbẹ̀, ó ń ránṣẹ́ pé kí n wá bá òun ti ilẹ̀kùn.

Bí mo ṣe kúrò níbẹ̀ nìyí.

Ìgbà ìkórè iṣu ni. Wọ́n ti já ọ lẹ́nu ọmú, o wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Agbonou, torí wọ́n ní n kò lè tọ́jú rẹ. Àwọn gáàdì Kọmandán, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa, ti wá kó àwọn ọkùnrin abúlé lọ síbi iṣẹ́ ojú ọ̀nà, bàbá rẹ wà nínú wọn, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé òun kò lọ. Àwọn obìnrin nìkan ló kù tí yóò kó iṣu wálé, gbogbo wọn sì ti lọ sóko láti àárọ̀. Ó ku èmi lórí ẹní mi, àti Amá, ọmọ Dàví Ablá, tó lóyún àkọ́kọ́. Oyún náà kò tíì pé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ó dúró sílé.

Oòrùn ti gun orí tán nígbà tí mo gbọ́ igbe rẹ̀. Mo dìde lọ wò ó. Ó di òpó ilé mú, omi ti dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ó ti ń bọ̀. Lọ pe ìyá mi."

Oko jìnnà. Mo dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá, àyà mi sì dì. Lọ́tẹ̀ yìí, àìsàn náà gan-an ni, mo gbọ́ súfèé rẹ̀ nínú ara mi. Mo fẹ́ pariwo bóyá ẹnìkan á gbọ́, ohùn kò jáde. Mo di ẹnu ọ̀nà náà mú, mo sì rò ó pé èmi náà rèé, bíi Yáwá, nínú àgbàlá. Mo fẹ́ padà sórí ẹní mi. Mi ò purọ́. Mo fẹ́ fi ọmọbìnrin yẹn sílẹ̀, kí n lọ jókòó.

Amá tún ké. Inú sì bí mi. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún ọ. Inú bí mi sí Dàví Ablá tó lọ sóko, sí àwọn gáàdì tó kó ọkọ mi lọ, sí oyún tí kò dúró de oṣù rẹ̀, sí àyà mi. Mo padà sínú yàrá. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ ògì gbígbóná. Mi ò lépa èyí tó fẹ́ wọlé. Èyí tó wà nínú ni mò ń lé jáde. Nígbà tí mo rí ààyè sọ̀rọ̀, mo ní, "Amá, mi ò ní èémí. Mi ò ní lè máa sọ̀rọ̀. Tí mo bá tẹ orúnkún rẹ, kí o ti ọmọ jáde. Tí mo bá gbọ́wọ́ kúrò, kí o sinmi."

Ó wò mí. Ó ní, "Ìwọ náà fẹ́ kú?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀. Ti ọmọ jáde."

Báyìí la ṣe é. Mò ń fẹ́ èémí jáde, mò ń tẹ orúnkún rẹ̀, mò ń gbọ́wọ́ kúrò. Ìgbà mìíràn ojú mi ṣú, mo fi orí ti itan rẹ̀ títí ojú mi fi là. Ọmọ náà jáde, ọkùnrin, ó kéré, kò sì ké. Ara rẹ̀ ń dúdú. Mo fi ìka yọ nǹkan lẹ́nu rẹ̀, mo dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí ọwọ́ mi, mò ń ra ẹ̀yìn rẹ̀. Àwa méjèèjì là ń wá èémí nínú yàrá yẹn, èmi àti òun. Mò ń súfèé láyà, òun dákẹ́. Mo ra á, mo ra á. Lẹ́yìn náà ó sín, ó sì figbe ta.

Mo fi òwú dì í níwọ̀ọ́, mo gbé e lé ìyá rẹ̀ láyà, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà náà ni mo ṣàkíyèsí pé àyà mi ti ń tú. N kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú. N kò ṣọ́ ọ, Afí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ púpọ̀ tí n kò ṣọ́ ọ.

Àwọn obìnrin dé nígbà tí oòrùn ń rọ̀. Dàví Ablá gbọ́ ohùn ọmọ, ó sọ apẹ̀rẹ̀ iṣu sílẹ̀. Ó ní, "Ta ló gbẹ̀bí rẹ̀?"

Amá ní, "Ìyàwó Kọ́mlà ni."

Dàví Ablá wò mí títí. Ó mú ọmọ náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀. Tí o bá rò pé ó kúnlẹ̀ tó ní kí n foríjì òun, o ṣì ń rò bí ọmọdé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó rí mi tí mo gbé ìkòkò, ó ní, "Níbo lò ń lọ? Mo ní o kò gbọdọ̀ lọ sódò."

Mo ní, "Mò ń lọ sódò."

Mo lọ. Nígbà tí mo dé etí odò, ó mú mi lóòótọ́, bí ó ti sọ. Mo jókòó sórí òkúta, mo fọwọ́ lé orúnkún, mò ń fẹ́ ẹ jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo jẹ́ kí ó bà mí. Nígbà tó kọjá, mo pọn omi mi, mo rù ú padà sílé. Mo pẹ́ lọ́nà. Mo gbé ìkòkò náà kalẹ̀ níwájú Dàví Ablá, mo sì lọ dáná. Wọ́n jẹ oúnjẹ náà. Kò sí ẹni tó kú.

Àìsàn mi kò lọ. Ó wà lára mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wà lára mi bí mo ti ń kọ̀wé yìí, eruku ọ̀nà tí Kọ́jó gbé wọlé ti jí i díẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù kejì tí mo lọ sódò ni mo lọ sí Agbonou lọ gbé ọ lọ́wọ́ ìyá mi. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn. O kọ̀ mí lọ́jọ́ náà, o fara mọ́ ìyá àgbà, o kò mọ̀ mí mọ́. Mo pọ̀n ọ́ pẹ̀lú igbe rẹ. Ohun tí ẹ̀rù gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn, ọmọ mi gan-an. Ṣé o rí ìdí tí mi ò fi lè fi ohùn jẹ́jẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀?

Ó yá, gbọ́ ohun tí wàá ṣe.

Èkíní, mọ èyí tó jẹ́ àìsàn yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ẹ̀rù. Ẹ̀rù a máa fara wé ikọ́ fée. Àyà a máa lù, ẹnu a gbẹ, ìka a máa gbọ̀n, èémí a yára. Tí ó bá dé, sọ̀rọ̀ sókè. Kà Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run. Tí o bá lè kà á lọ láìdúró mí láàárín gbólóhùn, ẹ̀rù ni. Jókòó tì í títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà kí o dìde lọ ṣe iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀. Má ṣe dúró kí ó lọ tán kí o tó dìde, torí kì í tètè lọ. Tí gbólóhùn bá ń já lẹ́nu rẹ, tí ètè rẹ bá ń dúdú, tàbí tí o kò bá lè mọ èwo ni, má ṣe akọni kankan. Kí Kọ́jó gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kí wọ́n fún ọ lábẹ́rẹ́. Mo gbọ́ pé o kọ abẹ́rẹ́ náà torí obìnrin tó ni ilé tí ẹ ń gbé sọ pé ó máa ń gbẹ ẹ̀jẹ̀. Obìnrin yẹn kì í ṣe dókítà. Sọ fún un pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Èkejì, bó o ṣe máa jókòó. Má fẹ̀yìn ti nǹkan kan. Tẹ̀ síwájú, fi ọwọ́ lé orúnkún, ju èjìká sílẹ̀, kí o sì fẹ́ ẹ jáde bí mo ti wí. Ṣe é ní ọjọ́ tí ara rẹ yá, lójoojúmọ́, kí ara rẹ ti mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ tí kò yá tó dé.

Ohun tí o bá fẹ́ fi sílẹ̀, bi ara rẹ léèrè ta ló ní kí o fi í sílẹ̀. Èmi kì í sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń yọ kóró lára òwú ní ìlú yìí. Mo ti dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì mú mi, eruku òwú ló ń ṣe é. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rù. Tí èéfín tùràrí bá ń mú ọ, jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Tí eruku aṣọ tuntun bá ń mú ọ, fọ aṣọ náà kí o tó gé e, kí o sì gbé àga rẹ sí ojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n má fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ nítorí tùràrí. Kí ni ọjà ṣe fún ọ? Kí ni ibùsùn ṣe fún ọ? Níbo ni ọjà ti mú ọ rí? Gba àwọn nǹkan wọ̀nyí padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó sún mọ́ ọ jù. Lọ dé ẹnu ọ̀nà lónìí. Lọ dé ilé kejì lọ́la. Ẹ̀rù yóò bá ọ lọ. Jẹ́ kí ó máa tẹ̀ lé ọ, má ṣe jẹ́ kí ó ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ. Má fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ọ̀pá ìtìlẹ̀. Ó ti rù, Afí. Tí o bá ń ní kí ó fọwọ́ lé ẹ̀yìn rẹ ní gbogbo ìgbà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ bí ìwọ náà ti ń ṣọ́ ara rẹ, ẹ óò sì di ẹlẹ́wọ̀n méjì nínú yàrá kan. Sọ ohun tí o fẹ́ fún un lọ́jọ́ tí ara yá: kí ó jókòó, kí ó má pariwo, kí ó má bi ọ́ ní ìbéèrè, kí ó mọ ìgbà tó yẹ kí ó gbé ọ jáde. Ó pẹ́ kí bàbá rẹ tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n báyìí. Tí ó bá mú mi, yóò gbé àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, yóò máa hun okùn rẹ̀, kò ní wojú mi. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe fún mi rí tó dára tó okùn yẹn.

Àti ọ̀rọ̀ ìyàwó mìíràn. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ láyé mi. Ọmọkùnrin yẹn bú sẹ́kún nínú ilé mi, níwájú bàbá rẹ. Ìwọ lo fi ẹkún sí i lójú, kì í ṣe ikọ́ fée.

Mo mọ̀ pé ó ń rẹ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé àwọn àárọ̀ kan wà tí o máa jí tí wàá máa bi Ọlọ́run léèrè pé kí ló dé tó fi fún àwọn ẹlòmíràn ní èémí ọ̀fẹ́, tó ń wọn tìrẹ fún ọ. Èmi náà ti bi í. Kò tíì dá mi lóhùn, mo sì ṣì ń bi í. Bínú sí i, ó gbà á. Bínú sí àìsàn náà. Bínú sí onílé rẹ. Bínú sí èmi tí mo fi sí ọ lára, mi ò ní wá àwáwí. Ṣùgbọ́n bínú lórí ẹsẹ̀ rẹ, kí o máa rìn bí o ti ń bínú. Ìbínú ló gbé mi padà sínú yàrá Amá lọ́jọ́ yẹn. Ìgboyà kọ́, n kò ní in.

Kọ́jó ń padà lọ lónìí, òun ni yóò gbé ìwé yìí fún ọ. Mo ti sọ fún un pé kó má kà á sókè fún ọ, kí ìwọ fúnra rẹ kà á. Bàbá rẹ ti ka ibi tí mo dé yìí, ó ní ó le jù, ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ rere kan sí i. Ó dára. Ọ̀rọ̀ rere náà nìyí: tí o bá fẹ́ rí wa, wá. Wá nígbà ìkórè. Ra ìwé ọkọ̀ rẹ fúnra rẹ, jókòó sí ojú fèrèsé, kí o sọ̀ kalẹ̀ ní Agbonou lórí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì. Tí ó bá mú ọ nínú ọkọ̀, tẹ̀ síwájú, kí o fẹ́ ẹ jáde, ọkọ̀ náà kò ní tìtorí rẹ dúró, ìwọ náà má tìtorí rẹ̀ padà. Lo ọjọ́ tó bá wù ọ́ lọ́dọ̀ wa, kí o sì padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ àti iṣẹ́ rẹ.

Mo ní ìbínú tó pọ̀ tí mi ò tíì kọ, ìwé ti tán. Wá, kí n bínú sí ọ lójúkojú.

Ìyá rẹ ni.